Iṣẹ́ ti pọ̀ jù mí lọ: ṣé kí n gba òṣìṣẹ́, àbí kí n máa dá a ṣe?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mí, aṣọ ọkùnrin ni mò ń rán l'Abẹ́òkúta, ṣọ́ọ̀bù mi ò jìnnà sí Ìtòkú. Mo gba fírídọ̀ọ̀mù lọ́dún 2019, láti ìgbà náà èmi nìkan ni mo wà nídìí máṣíìnì. Lọ́dún tó kọjá, láti oṣù Kẹwàá títí di Kérésì, aṣọ tí mo dá padà lé ní ogójì. Kọ́sítọ́mà méjì bínú lọ torí mi ò parí aṣọ ìgbéyàwó wọn lásìkò. Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé kí n gba ọmọ. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní kí n má dán an wò, pé òṣìṣẹ́ ló ń pa ṣọ́ọ̀bù. Kí n gba ọmọ iṣẹ́ ni, àbí jọ́níméènì (ẹni tó ti kọ́ṣẹ́ parí, tó ń bá èèyàn ṣiṣẹ́ gbowó), àbí kí n kúkú máa dá a ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó ti ṣe é rí ni kó dá mi lóhùn. Àwọn tó ń wàásù pé “ìwọ náà lè di ọ̀gá” ti tó mi.

* * *

Àbúrò, èmi ti ṣe é, mo sì ti jẹ iyán ẹ̀ níṣu. Ìbàdàn ni mo wà, níhà Mọ́kọ́lá. Aṣọ obìnrin ni tèmi: bùbá, ìró, kàbà, àti ohunkóhun tí ẹlẹ́bí bá kó wá. Ọdún mẹ́rin ni mo fi dá ṣiṣẹ́ kí n tó gba ẹni àkọ́kọ́ ní 2012. Oṣù mẹ́rin péré la fi jọ wà, mo padà sí èmi nìkan. Ní 2016 ni mo tó tún un ṣe. Wọ́n jẹ́ mẹ́rin báyìí.

Kí n tó dáhùn, èmi náà ní ìbéèrè. O dá aṣọ ogójì padà láàárín oṣù Kẹwàá sí Kérésì. Ó dáa. Aṣọ mélòó lo rán nínú oṣù Kejì? Nínú oṣù Keje ńkọ́, nígbà tí òjò ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe òde?

Gbogbo wa la mọ iye aṣọ tó wọlé lóṣù Kejìlá. Kò sẹ́ni tó máa ń ka ti oṣù Kejì. Òṣìṣẹ́ kì í sì í jẹun lóṣù Kejìlá nìkan.

Iṣẹ́ tiwa tún wá ní wàhálà tirẹ̀, torí pé àsìkò tó ń mówó wọlé kì í dúró sójú kan. Kérésì ò kúrò níbi tó wà, ṣùgbọ́n Ìtúnu Ààwẹ̀ àti Ìlẹ̀yá máa ń sún síwájú ní nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá lọ́dọọdún. Ní 2025, ìparí oṣù Kẹta ni Ìtúnu bọ́ sí, Ìlẹ̀yá wà níbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà. Bó ṣe ń sún un nì, tó bá yá, Ìtúnu á wọnú oṣù Kejì tí mo ń bú yìí gan-an. Ìwọ tó wà ní ìpínlẹ̀ Ògùn sì tún ní Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọjọ́ kẹta Ìlẹ̀yá, tí gbogbo régbérégbé ń wá aṣọ kan náà lọ́jọ́ kan náà. Mú kàlẹ́ńdà, mú ìwé tó o fi ń kọ ìwọ̀n àwọn èèyàn, kó o ka aṣọ oṣù kọ̀ọ̀kan fún odidi ọdún kan. Lẹ́yìn náà, padà wá sọ ohun tó o rí fún wa.

* * *

Èsì ti pọ̀ látàná. Kí n kó o jọ, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn má bàa sọ ohun tí wọ́n ti sọ.

Àwọn kan ní kó gba ọmọ iṣẹ́ torí ọmọ iṣẹ́ ò gbowó. Màá padà sórí ìyẹn, ó ká mi lára. Ẹnì kan tó ń ṣe búrẹ́dì l'Óṣogbo ní owó oṣù ló dáa jù, pé ẹni tó o bá ń sanwó fún lórí iye ohun tó ṣe, á kàn máa sáré ni, iṣẹ́ rẹ̀ á sì máa rí jákujàku. Wẹ́dà kan láti Ṣàgámù ta kò ó: ó ní òun ò lè san owó oṣù láéláé, pé bí iṣẹ́ ò bá sí, kí kálukú wà nílé rẹ̀. Ẹnì kan sì sọ pé kó mú àbúrò rẹ̀ tàbí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá láti ilé, torí pé ẹbí kì í jani lólè. Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò tíì ní ẹbí tó pọ̀ tó ni.

Oníbúrẹ́dì àti wẹ́dà, ẹ̀yin méjèèjì lẹ gba ọ̀rọ̀ sọ. Ojoojúmọ́ làwọn èèyàn ń jẹ búrẹ́dì. Iye tí oníbúrẹ́dì tà lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó kọjá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye tí yóò tà lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó ń bọ̀, owó oṣù á bá a mu. Gẹ́ètì tí wẹ́dà ń ṣe, ẹni tó ń kọ́lé ló ń rà á, ó lè rí mẹ́ta lọ́sẹ̀ yìí kó má rí ẹyọ kan títí oṣù á fi parí. Télọ̀ wà láàárín yín, ó sì sún mọ́ wẹ́dà ju oníbúrẹ́dì lọ. Ẹ má wulẹ̀ bára yín jà.

* * *

Ọ̀rọ̀ ọmọ iṣẹ́ yìí ńkọ́?

Ọmọ iṣẹ́ kì í ṣe òṣìṣẹ́. Òbí rẹ̀ san owó ìkọ́ṣẹ́ fún ọ, wọ́n mú ọtí àti kóòkì wá, wọ́n gbàdúrà, o gba ọmọ. Ìwọ lo jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ó yẹ kó mọ bí wọ́n ṣe ń wọn èèyàn, bí wọ́n ṣe ń gé aṣọ, bí wọ́n ṣe ń so apá mọ́ ara aṣọ. Bí ọdún mẹ́ta bá pé tó jẹ́ pé omi pípọn àti ilẹ̀ gbígbá ló mọ̀ jù, ṣé o kọ́ ọ níṣẹ́ nìyẹn?

Mo mọ̀ pé a ní ọmọ iṣẹ́ náà máa ń ràn wá lọ́wọ́, òótọ́ ni. Ó lè lẹ bọ́tìnnì, ó lè lọ aṣọ, ó lè tú ibi tí a rán ní àránjù. Ṣùgbọ́n fún odindi ọdún kan àkọ́kọ́, àkókò tó ń gbà lọ́wọ́ rẹ ju èyí tó ń fún ọ lọ. Ìwọ tó ò rí àyè parí aṣọ ìgbéyàwó, o fẹ́ jókòó ti ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kó o máa fi bí wọ́n ṣe ń tẹ máṣíìnì hàn án lóṣù Kọkànlá? Àpò ìrẹsì lo fẹ́ gbé lé ẹni tó ń gun òkè lórí.

Bó bá wù ọ́ kó o máa kọ́ èèyàn níṣẹ́, gbà á ní oṣù Kejì, nígbà tí ọwọ́ dilẹ̀. Àmọ́ má fi í ṣe ìdáhùn sí ìbéèrè tó o bi wa.

* * *

Ẹnì kan fi ohùn ránṣẹ́ sí mi pé mo ń fa ọwọ́ àbúrò tó béèrè sẹ́yìn. Rárá o. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀, ká fi ẹnu sílẹ̀.

Ká ní ₦15,000 lo ń gbà lórí bùbá àti ṣòkòtò kan. Òwú, sítéè (aṣọ líle tí a ń fi sínú ọrùn aṣọ), bọ́tìnnì, iná tàbí epo jẹ́nẹ́rétọ̀ kó ₦3,000 lọ. Ó ku ₦12,000. (Owó tìrẹ lè jù bẹ́ẹ̀ tàbí kó má tó o, fi tìẹ sí i.) O gba ẹnì kan, o ní wàá máa fún un ní ₦70,000 lóṣù. Kí ìwọ tó rí kọ́bọ̀, aṣọ mẹ́fà ti lọ sórí owó oṣù rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé aṣọ mẹ́sàn-án ló wọlé lóṣù Kejì, ₦108,000 ni gbogbo rẹ̀, o yọ ₦70,000, ó ku ₦38,000. Nínú rẹ̀ lo ti máa yọ owó ṣọ́ọ̀bù, ibẹ̀ náà lo ti máa jẹun. Òṣìṣẹ́ rẹ lówó jù ọ́ lọ lóṣù yẹn. Kì í ṣe àsọdùn, ó ṣẹlẹ̀ sí mi ní 2012. Mo ń yá owó lọ́wọ́ àǹtí mi láti fi sanwó fún ẹni tó ń sùn nídìí máṣíìnì mi.

Ẹ wá yí i padà. Ẹ ní kẹ́ ẹ máa fún un ní ₦5,000 lórí aṣọ kọ̀ọ̀kan. Oṣù Kejì, ó rán márùn-ún nínú mẹ́sàn-án, ₦25,000 lọ, ₦83,000 ló kù sọ́wọ́ rẹ. Ó dùn mọ́ ọ. Òun ńkọ́? Ta ló lè fi ₦25,000 gbé oṣù kan lónìí? Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní oṣù Karùn-ún 2023, tí bẹntiróòlù fò láti abẹ́ ₦200 kọjá ₦480 láàárín ọjọ́ mélòó kan, owó ọkọ̀ nìkan ń jẹ ìdajì rẹ̀. Yóò lọ sí ṣọ́ọ̀bù míì. Bó o bá pè é ní oṣù Kẹwàá, á ní “Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa bínú, mo ti wà níbì kan.”

Ohun tí àwọn tó ń sọ pé “lórí aṣọ kọ̀ọ̀kan” kì í sọ nìyẹn. Ẹni tó lọ́wọ́ dáadáa kì í dúró de oṣù Kejìlá rẹ.

Ohun tí mo ń ṣe báyìí: mò ń san owó díẹ̀ tí kì í yẹ̀ lóṣooṣù, tó lè gbé ọkọ̀ àti oúnjẹ ọ̀sán, ìyókù wà lórí aṣọ. Owó tí kì í yẹ̀ yìí kì í ti inú aṣọ oṣù yẹn wá. Àjọ ni mo fi ń dá a. Láti oṣù Kẹsàn-án títí di oṣù Kìíní, mo máa ń yọ iye kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún alájọ, mi ò sì ní fọwọ́ kàn án títí oṣù Kejì. Ní ọdún tí mi ò rí i kó jọ, mi ò gba ẹni tuntun.

* * *

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti 2012 tán, torí ẹnì kan bi mí kí ló dé tí a fi oṣù mẹ́rin péré wà papọ̀. Kì í ṣe owó nìkan.

Ọmọ náà mọ iṣẹ́. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Léèsì kan wọlé, àwọ̀ ewé, ìyá ìyàwó ló ni ín, ọjọ́ Fúráídè, òde ní Sátidé. Mo ti gé e, mo dì í, mo ní kó so ó pọ̀ kó sì lọ ọ́, mo sáré lọ sí Gbági lọ ra òwú tó bá a mu. Iná dé nígbà tí mi ò sí nílé. Nígbà tí mo dé, òórùn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ láti ẹnu ọ̀nà. Ó ti gbé áyọ́ọ̀nù lé ẹ̀yìn bùbá láìfi aṣọ míì tẹ́ ẹ lójú. Irú léèsì yẹn kì í jó bí aṣọ òwú, ṣe ló máa ń yọ́, á sún kì, á wá le bí ìpẹ́ ẹja. Ibi tó jó rí gbáko bí ẹnu áyọ́ọ̀nù, ó mú ṣóńṣó lókè, ó gbòòrò nísàlẹ̀. Ọmọ náà dúró síbẹ̀, ó gbé áyọ́ọ̀nù dání síbẹ̀, kò lè gbé e sílẹ̀.

Mo ra léèsì míì. Mo rán an mọ́jú. Ní ìparí oṣù, mo yọ owó léèsì kúrò nínú owó rẹ̀, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin owó ẹ̀ ló lọ. Kò sọ nǹkan kan. Ní Mọ́ńdè, kò wá. Ní Túsìdeè, kò wá. Lọ́sẹ̀ kejì, mẹ́ta nínú àwọn kọ́sítọ́mà mi ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀ nílé, ó ń rán aṣọ fún wọn lórí máṣíìnì ọlọ́wọ́ ti ìyá rẹ̀.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà ni mo tó mọ̀ pé ohun tí mo ṣe lòdì sófin. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà sọ pé agbanisíṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ yọ owó kúrò nínú owó òṣìṣẹ́ torí ohun tó bàjẹ́, àyàfi tí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ bá kọ́kọ́ fọwọ́ sí i lórí ìwé, òṣìṣẹ́ náà sì gbọ́dọ̀ ti mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é tàbí kó ti fọwọ́ yẹpẹrẹ mú iṣẹ́.

* * *

Mo mọ̀ pé èyí máa dá ìjà sílẹ̀. Ó ti dá a sílẹ̀.

“Ṣé kí n máa san gbogbo aṣọ tí ọmọkọ́mọ bá jó ni?” Bẹ́ẹ̀ ni, màmá, ẹ̀yin lẹ máa san án. Nígbà tẹ́ ẹ̀ ń dá ṣiṣẹ́, ta ló ń san èyí tẹ́ ẹ bá jó? Èrè orí aṣọ tí òun ń rán, ẹ̀yin lẹ̀ ń gbà á. Òfò tó wà níbẹ̀, ẹ̀yin náà lẹ ni ín.

Ohun tẹ́ ẹ lè ṣe ni pé kí ẹ dín ohun tó lè bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kù. Fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹni tuntun kì í fọwọ́ kan léèsì, aṣọ òkè tàbí sílíìkì ní ṣọ́ọ̀bù mi. Áńkárá ni tirẹ̀. Èmi ni mo ń gé gbogbo aṣọ títí dòní, àlùmágàjí kì í kúrò lọ́wọ́ mi. Aṣọ tí wọ́n rán gbọ̀rọ̀gbọ̀rọ̀ ṣeé tú. Èyí tí wọ́n gé kéré jù, kò sí ohun tí a lè ṣe sí i. Mo sì ní aṣọ funfun kan tó wà lórí pákó áyọ́ọ̀nù, a fi òwú pupa kọ “TẸ́ MI SÓJÚ” sí i. Àwọn kọ́sítọ́mà máa ń fi rín mi.

Àwọn tó ní kí ẹ yá òṣìṣẹ́ lówó kó lè di dandan fún un láti dúró, mo ti rí i, ó máa ń ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan ò bá lè kúrò lọ́dọ̀ yín torí owó tó jẹ yín, ìwọ̀fà lẹ ní, ẹ má pè é ní òṣìṣẹ́. Àwọn baba wa ṣe é, ìjọba fòpin sí i. Ẹ má tún bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ẹ̀yìn máṣíìnì.

* * *

Ẹni tó béèrè nípa òfin àti ìwé, kúkúrú báyìí.

Bó o bá gba èèyàn ṣiṣẹ́, kí oṣù mẹ́ta tó pé, òfin ní kó o fún un ní ìwé: orúkọ yín méjèèjì, irú iṣẹ́, iye owó àti ìgbà tí wàá máa san án, bí ẹnikẹ́ni yóò ṣe fòpin sí i. Mo mọ̀ pé ṣọ́ọ̀bù tó ń ṣe é ò pọ̀. Kọ ọ́ lójú ewé kan ṣoṣo, kí ẹ̀yin méjèèjì buwọ́ lù ú. Bí ọ̀rọ̀ bá di ìjà lọ́jọ́ kan, ìwé yẹn ló máa gbà ọ́, kì í ṣe òun nìkan ló wà fún.

Bó bá fẹ́ lọ tàbí tí o bá fẹ́ kó lọ: tí kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ, kí ẹni tó fẹ́ fòpin sí i sọ ọ́ ní ọjọ́ kan ṣáájú, láti ibẹ̀ títí kó tó pé ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ kan, láti ọdún méjì kó tó pé márùn-ún, ọ̀sẹ̀ méjì, márùn-ún sókè, oṣù kan. Owó iṣẹ́ gbọ́dọ̀ jẹ́ owó, kì í ṣe aṣọ tàbí ìrẹsì.

Owó oṣù tó kéré jù tó di ₦70,000 ní oṣù Keje 2024, òfin ò fi dandan lé ẹni tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ìyẹn ò ní kó o máa fún èèyàn ní ₦20,000 o. Owó ìfẹ̀yìntì di dandan nígbà tí òṣìṣẹ́ bá pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Èyí tí kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ ni ti NSITF (àjọ ìjọba tó ń bójú tó òṣìṣẹ́ tó bá fara pa), ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó o ń san fún òṣìṣẹ́, torí ìpalára lẹ́nu iṣẹ́. Bí abẹ́rẹ́ máṣíìnì bá gba inú èékánná ọmọ èèyàn kọjá, o máa rántí rẹ̀. Abẹ́rẹ́ máṣíìnì oníná kì í dúró béèrè.

* * *

Àbúrò mi obìnrin tó ń dirun ní Peckham, nílùú London, rí ìjíròrò yìí, ó ní kí n sọ fún un yín pé ẹ̀ ń jẹgbádùn. Níbi tó wà, ọjọ́ tó gba ọmọbìnrin kan ṣoṣo pé kó wá máa bá òun fọ irun, ó di dandan kó ní adójútòfò (ìnṣọ́ránsì) fún òṣìṣẹ́ tó lè gbé £5 mílíọ̀nù, bí kò bá ní in, ìtanràn lè tó £2,500 lójoojúmọ́. Ó ní òun kọ́kọ́ rò pé wọ́n ṣi òdo kọ ni. Ọdún méjì ni ó fi dá ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tó gbọ́ ìyẹn, kó tó gba ọmọbìnrin náà.

* * *

Ẹnì kan láti Ìṣẹ́yìn, ahunṣọ ni, sọ ohun kan tí mo fẹ́ràn: ó ní kí ló dé tí kò sẹ́ni tó ń dárúkọ àáró?

Òótọ́ ni, mo gbàgbé rẹ̀, èmi tí mò ń ṣe é. Ẹ̀yin ọmọ ìgboro, àáró ni kí àwọn àgbẹ̀ mẹ́ta kó ara wọn jọ, lónìí wọ́n wà lóko tèmi, lọ́la lóko tìẹ, kò sí owó níbẹ̀, iṣẹ́ ni wọ́n fi ń san iṣẹ́. Àwa télọ̀ mẹ́ta ní àdúgbò wa ń ṣe é lóṣù Kejìlá láti bí ọdún márùn-ún. Bí aṣọ ẹbí ọgbọ̀n bá bọ́ sọ́wọ́ ọ̀kan nínú wa, àwa méjì yòókù á gbé máṣíìnì wa wá fún òru méjì. Ẹnì kan gé, ẹnì kan so pọ̀, ẹnì kan wíífìn (kí etí aṣọ má bàa tú) ó sì lọ ọ́. Ẹni tó ni iṣẹ́ ló ń gbọ́únjẹ. A ní ìwé kan tí a fi ń ka òru tí kálukú jẹ ẹnìkejì, torí ọ̀rẹ́ ni wá, a ò kì í ṣe áńgẹ́lì.

Ó ní àléébù. Bí àsìkò bá le koko, gbogbo wa ni iṣẹ́ kún lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọdún kan wà tí kò sẹ́ni tó lè yọjú sí ẹnì kejì. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé òde ńlá méjì péré ló ń pa ọ́ lọ́dún, àáró á gbà ọ́, kò sì ní béèrè owó oṣù Kejì lọ́wọ́ rẹ.

* * *

Ẹni tó sọ pé “dídá ṣiṣẹ́ ò ní ọjọ́ iwájú,” mo bá ọ wí. Àjọ NBS, tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀, kà á ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ọdún 2024 pé 84 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà ló jẹ́ pé iṣẹ́ ara wọn ni wọ́n ń ṣe. Àwọn kan nínú wọn ti fi kọ́lé. Télọ̀ kan wà nítòsí wa, baba àgbà, láti kékeré mi ni mo ti mọ̀ ọ́n ní òun nìkan. Agbádá ni tirẹ̀. Kì í gbà ju mẹ́rin lọ lóṣù, o máa dúró, o sì máa san ohun tó bá pè. Nígbà tí iṣẹ́ pọ̀ jù ú lọ, kò gba èèyàn, owó rẹ̀ ló gbé sókè.

Àbúrò, ṣé o ti gbìyànjú ìyẹn? Nínú ogójì tó o dá padà, mélòó ni wọn ì bá ṣì dúró tó bá jẹ́ pé ₦22,000 lo pè?

* * *

Ó ti padà wá, ó ti kà á. Ẹni tó béèrè sọ pé: oṣù Kejì, aṣọ méje. Oṣù Kẹta, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, torí Ìtúnu. Oṣù Keje, mẹ́jọ. Oṣù Kejìlá, mọ́kànlélógójì tó rán, láì ka èyí tó dá padà. Ó ní òun ò mọ̀ pé ó rí bẹ́ẹ̀, òun rò pé gbogbo ìgbà ni ọwọ́ òun máa ń dí. Ó tún ní òun ti gbé owó sókè sí ₦18,000 ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹnì kan ṣoṣo ló kùn.

Nígbà náà, ọ̀rọ̀ rẹ ò tíì dé orí òṣìṣẹ́ ọlọ́dún. Jọ́níméènì kan fún àsìkò ni, lórí aṣọ kọ̀ọ̀kan, láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá dé ọjọ́ kẹwàá oṣù Kìíní, kó o sọ ọjọ́ tó máa parí fún un kó tó bẹ̀rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ lójijì. Sanwó ní gbogbo Sátidé, kì í ṣe “nígbà tí kọ́sítọ́mà bá gbé aṣọ lọ.” Bí kọ́sítọ́mà ò bá sanwó, ìyẹn ò kan òun. Láti ìsinsìnyí lọ, gba ìdajì owó lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá mú aṣọ wá, kí owó Sátidé má bàa di ẹ̀bẹ̀.

Máa wá a láti oṣù Kẹjọ. Oṣù Kọkànlá, àwọn tó ṣẹ́ kù ni àwọn tí ṣọ́ọ̀bù míì lé.

Bó bá dé, má bi í léèrè ọdún tó ti gba fírídọ̀ọ̀mù. Gé bùbá kan fún un nínú áńkárá olówó pọ́ọ́kú, fún un ní sítéè, kó rán ọrùn rẹ̀ lójú ẹ. Kó o wá yí i sínú, kó o wo bó ṣe gé igun rẹ̀ kó tó yí i. Bí sítéè bá ṣì ń yọrí níbẹ̀, fún un lówó ọkọ̀, kó o sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó wá.